Ẹni Tó Gbé Ìbọn Ni Kó Kọ́ Èdè: Ṣọ́jà Àjèjì àti Ará Ìlú ní Ìráàkì

Ẹ̀yin àgbà tó wà níkàlẹ̀, ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin ọmọ ogun wa tó ń múra àtilọ pẹ̀tù sí aáwọ̀ nílẹ̀ òkèèrè, mo kí gbogbo yín, ẹ kú ìjókòó.

Ìdènà èdè àti àṣà láàrin ọmọ ogun tó gba ìlú onílùú àti àwọn tó bá níbẹ̀ ni wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí. Ìráàkì nìkan ni mo fẹ́ mú, láti oṣù kẹta 2003 tí Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì wọ ibẹ̀, títí di oṣù kejìlá 2011 tí ọmọ ogun Amẹ́ríkà kó ẹrù wọn jáde. Ìdí tí mo fi mú un ni pé wọ́n ṣe ìwádìí púpọ̀ níbẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, a sì lè tọpa ọ̀pọ̀ àṣìṣe dé ìdí wọn.

Kókó mi kò ju ẹyọ kan lọ. Bí ẹni méjì kò bá gbọ́ èdè ara wọn, tí ọ̀kan gbé ìbọn, tí ọwọ́ èkejì ṣófo, ọrùn ẹni tó gbé ìbọn ni ẹrù àgbọ́yé wà. Òun ló wá bá wọn. Òun ló ń yan ibi tí wọn yóò ti pàdé, òun ló ń pinnu irú ìmọ́lẹ̀ tí yóò wà níbẹ̀ àti àkókò tí èkejì yóò ní láti ronú. Bí kò bá ṣètò èyí, tó ní kí ará ìlú máa méfò ohun tí òun ń fẹ́, àwọn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni yóò máa kú.

Èyí kì í ṣe èrò orí mi lásán, òfin ti sọ ọ́ tipẹ́. Ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún 2003, Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé Ìpinnu 1483 jáde, tó ka Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì sí ìjọba tó gba Ìráàkì, pẹ̀lú gbogbo ojúṣe tó rọ̀ mọ́ ọn. Àdéhùn Geneva Kẹrin ti 1949, tó wà fún ààbò ará ìlú lásìkò ogun, ló to ojúṣe wọ̀nyẹn lẹ́sẹẹsẹ. Abala 27 ní kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún iyì àwọn èèyàn, ẹ̀tọ́ ìdílé wọn, ẹ̀sìn wọn, ìṣe àti àṣà wọn. Abala 65 ní òfin ìjìyà tí wọ́n bá ṣe kò lè múlẹ̀ àfi tí wọ́n bá ti kéde rẹ̀ fún ará ìlú ní èdè tiwọn. Abala 71 ní kí wọ́n fún ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ní ẹ̀sùn náà ní kíkọ, ní èdè tó gbọ́. Abala 72 fún un ní ẹ̀tọ́ sí ògbufọ̀. Nítorí náà, ọ̀gágun tó bá ní àìsí ògbufọ̀ ló fa wàhálà, ohun tó ń sọ ni pé òun kò mú ohun tí òfin ní kí òun mú dání.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lójú títì, nítorí ibẹ̀ ni àkókò ti kéré jù.

Ilẹ̀ ń ṣú. Bàbá kan ń wakọ̀ bọ̀ pẹ̀lú ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀, ó ń sáré kí àsìkò kónílé-ó-gbélé tó tó. Kìlómítà 80 ní wákàtí ló ń sá, ìyẹn mítà 22 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn ṣọ́jà ti gbé ọkọ̀ ogun dábùú ọ̀nà níbi tí kò sí nǹkan kan láàárọ̀. Àwọ̀ iyanrìn ni ọkọ̀ wọn, àwọ̀ iyanrìn ni aṣọ wọn. Ká ní ó rí wọn nígbà tó ku 100 mítà. Kí ojú tó rí i, kí ọpọlọ tó gbà á, kí ẹsẹ̀ tó dé orí bíréèkì, ìṣẹ́jú àáyá kan àbọ̀ ti lọ, ọkọ̀ ti jẹ mítà 33. Bíréèkì tó dára á tún gba bíi mítà 35 kí ọkọ̀ tó dúró. Ìyẹn ti di 68 nínú 100, bó bá jẹ́ pé ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé òun ni wọ́n ń dá dúró. Bó bá fi ìṣẹ́jú àáyá méjì péré ṣiyèméjì, mítà 44 tún ti lọ, ó ti wọ àárín wọn.

Ìgbésẹ̀ tí wọ́n kọ́ ṣọ́jà Amẹ́ríkà kò ju márùn-ún lọ: kó pariwo, kó fi ìbọn hàn, kó fi ara dènà, kó yìn ìbọn ìkìlọ̀, kó tó wá yìn ín láti pa. Lórí ìwé, ìgbésẹ̀ náà tọ̀nà. Lójú títì, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní ibi tó ti ń já. Igbe kì í wọ inú ọkọ̀ tí wọ́n ti gíláàsì rẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì àti ẹ̀rọ amúlétutù ń ké nínú rẹ̀, pàápàá bí igbe náà bá jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì. Ìbọn kò yàtọ̀ lójú ẹni tó ti ń rí ìbọn lójú títì lójoojúmọ́, kò sì sọ fún un bóyá kó dúró, kó yà, tàbí kó tètè kọjá. Fífi ara dènà kò ṣeé ṣe fún ọkọ̀ tó ń sáré.

Ọwọ́ ńkọ́? Nínú iṣẹ́ ṣọ́jà Amẹ́ríkà, ẹ̀ṣẹ́ dídì tí wọ́n nà sókè túmọ̀ sí pé kí èèyàn dúró gbagidi. Ará ìlú tí kò ṣe iṣẹ́ ológun rí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní tirẹ̀, bí ará Ìráàkì bá fẹ́ sọ pé kí èèyàn ṣe sùúrù, yóò kó orí ìka márààrún jọ, yóò dojú wọn kọ òkè, yóò máa mi ọwọ́ náà díẹ̀díẹ̀. Ṣọ́jà tí kò mọ̀ á rò pé wọ́n ń halẹ̀ mọ́ òun. Àwọn méjèèjì ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún ara wọn, wọ́n sì ń bínú síra wọn.

Ìbọn ìkìlọ̀ ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀. Ẹni tó yìn ín mọ̀ pé ìkìlọ̀ ni. Awakọ̀ kò rí ibi tó ti wá, kò mọ ẹni tí wọ́n yìn ín sí. Ohun tí ará Baghdad ti kọ́ ní ọdún wọ̀nyẹn ni pé bí ìbọn bá dún, kó sá kúrò níbẹ̀ kíákíá. Ló bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọkọ̀. Lójú ṣọ́jà, ẹni tó gbọ́ ìkìlọ̀ tó tún fi kún eré, ẹni tó fẹ́ fi bọ́ǹbù pa wọ́n ni. Kí a má rẹ́ ṣọ́jà jẹ: àwọn tó ń gbé bọ́ǹbù sínú mọ́tò wà lóòótọ́, wọ́n sì ti pa ọ̀pọ̀ nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rù rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀tàn. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ọ̀gá rẹ̀ fi í síbi tí yóò ti fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta pinnu ikú ìdílé kan.

Ní alẹ́ ọjọ́ 4 oṣù kẹta 2005, ọ̀rọ̀ yìí kan alájọṣe àwọn ará Amẹ́ríkà gan-an. Nicola Calipari, ọ̀gá nínú iṣẹ́ ọtẹlẹ̀múyẹ́ Ítálì, ń mú akọ̀ròyìn Giuliana Sgrena lọ sí pápákọ̀ òfurufú Baghdad lẹ́yìn tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ àwọn ajínigbé. Ṣọ́jà Amẹ́ríkà yìnbọn sí ọkọ̀ wọn. Calipari kú, Sgrena fara gbọgbẹ́. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní àwọn tan iná, àwọn sì yìn ìbọn ìkìlọ̀. Ìwádìí Ítálì ní kò sí àmì kankan tó fi hàn pé ibi àyẹ̀wò wà níbẹ̀. Ìjọba méjèèjì kò fẹnu kò títí dòní. Bí irú èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí ọtẹlẹ̀múyẹ́ tó mọ iṣẹ́ ogun, kí ni ká retí lọ́dọ̀ alátà tó ń ti ọjà bọ̀?

Ohun tó dín ikú náà kù kì í ṣe ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀. Ní 2006, ọ̀gágun Peter Chiarelli, tó ń darí iṣẹ́ àwọn ọmọ ogun náà lójoojúmọ́, pàṣẹ pé kí wọ́n máa ṣe ìwádìí gbogbo ìgbà tí ṣọ́jà bá pa ará ìlú lójú títì. Nígbà tí ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí béèrè ìdí, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà to ibi àyẹ̀wò bẹ̀rẹ̀ sí yí padà, iye òkú sì lọ sílẹ̀. Bí ibi àyẹ̀wò tó dára ṣe máa ń rí nìyí. Pátákó àkọ́kọ́ tí wọ́n fi Lárúbáwá kọ gàdàgbà-gàdàgbà yóò wà ní nǹkan bí 200 mítà sí ibi tí àwọn ṣọ́jà dúró sí, àwòrán yóò sì wà lára rẹ̀ nítorí ẹni tí kò mọ̀wé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òkìtì tó ń mú ọkọ̀ rọra. Lẹ́yìn òkìtì, àwọn búlọ́ọ̀kù kọnkéré tí wọ́n tò ní wọ́gọwọ̀gọ, kí ọkọ̀ má lè gba àárín wọn kọjá pẹ̀lú eré bó ti wù kí awakọ̀ fẹ́. Ìlà ìdúró ni yóò kẹ́yìn. Iná yóò kọjú sí pátákó, kò gbọdọ̀ kọjú sí awakọ̀, nítorí iná tó bá lu awakọ̀ lójú ń fọ́ ọ lójú ni, kò ní rí pátákó, kò ní rí ṣọ́jà. Ọlọ́pàá Ìráàkì ni yóò dúró níwájú, ṣọ́jà àjèjì yóò wà lẹ́yìn. Ibi tí kò bá sí ààyè fún gbogbo èyí, kí wọ́n má dá ọ̀nà dúró níbẹ̀ lálẹ́. Ibi àyẹ̀wò òjijì, tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún wákàtí kan péré, ló léwu jù, torí pé kò sí ará àdúgbò kankan tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ọdún náà ni wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí pín iná léésà aláwọ̀ ewé fún àwọn ṣọ́jà. Èèyàn ń rí i láti òkèèrè, ọ̀sán àti òru, kò sì nílò èdè. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tàn án sójú ẹni tó sún mọ́, ó lè ba ojú náà jẹ́, nítorí náà ó nílò ẹ̀kọ́ tirẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ mẹ́nu kan àkọlé ẹ̀yìn ọkọ̀ ogun pẹ̀lú. Wọ́n ń kọ ọ́ ní Lárúbáwá àti Gẹ̀ẹ́sì pé kí ọkọ̀ jìnnà ní 100 mítà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn yóò yìnbọn. Lẹ́tà tí kò ga ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ kò ṣeé kà láti 100 mítà. Ẹni tó bá ti rí i kà ti rú òfin náà ná. Ẹni tó kọ àkọlé yẹn kò jókòó sípò awakọ̀ wò rárá.

Láti ojú títì, ẹ jẹ́ ká wọlé onílé.

Ní oṣù kẹrin 2003, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà láti ẹgbẹ́ 82nd Airborne fi ilé ẹ̀kọ́ al-Qa'id ní ìlú Fallujah ṣe ibùjókòó. Orí òrùlé ni wọ́n ti ń ṣọ́nà. Ilé ibẹ̀ ní ògiri gíga nítorí kí obìnrin lè tú gèlè, kó sinmi nínú ọgbà ilé rẹ̀ láìsí ojú àjèjì. Ṣọ́jà tó dúró sórí òrùlé gíga ń rí inú gbogbo ọgbà wọ̀nyẹn, yálà ó fẹ́ wò ó tàbí kò fẹ́. Kò pẹ́ tí ìròyìn fi tàn pé awò tí wọ́n fi ń ríran lóru ń rí ara obìnrin láti inú aṣọ. Irọ́ ni, awò náà kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbé awò náà sọ̀kalẹ̀ kí àwọn àgbà àdúgbò fi ojú ara wọn wò ó, kò sì sẹ́ni tó ṣàlàyé ní èdè wọn. Ní alẹ́ ọjọ́ 28 oṣù náà, àwọn èèyàn wọ́de, wọ́n ní kí àwọn ṣọ́jà kúrò nílé ẹ̀kọ́ kí àwọn ọmọ lè padà sí kíláàsì. Àwọn ṣọ́jà ní wọ́n yìnbọn sí àwọn láti àárín èrò. Àwọn tó wọ́de ní irọ́ ni. Ìwádìí Human Rights Watch, àjọ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ní èèyàn 17 ló kú, tí ó lé ní 70 sì fara gbọgbẹ́. Fallujah kò rọ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́ mọ́ látọjọ́ náà.

Ní gúúsù, níbi tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wà, ìlú Majar al-Kabir fi irú mìíràn hàn wá. Wọ́n ń fi ajá wọ ilé wá ìbọn, wọ́n sì ń wọ yàrá tí àwọn obìnrin ń sùn. Ẹ̀yin Mùsùlùmí ibí mọ ohun tí itọ́ ajá túmọ̀ sí fún ẹni tó ti ṣe àlùwàlá, tó fẹ́ kírun lórí ẹní tí ajá náà tẹ̀. Inú ìlú ru. Àwọn ọ̀gá ṣọ́jà jókòó pẹ̀lú àwọn àgbà ìlú, wọ́n fọwọ́ sí ìwé pé wíwá ìbọn kiri ilé yóò dúró. Ohun tí ará ìlú gbà pé àwọn jọ sọ ni pé ṣọ́jà kò ní wọ ìlú mọ́. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì gbà ni pé àwọn kò ní tú ilé mọ́, ṣùgbọ́n àwọn lè máa rìn kiri àdúgbò. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹfà 2003, àwọn ṣọ́jà rìn wọlé. Lójú ará ìlú, wọ́n ti da àdéhùn. Òkò bẹ̀rẹ̀, ìbọn tẹ̀ lé e, wọ́n sì pa ọlọ́pàá ológun Gẹ̀ẹ́sì mẹ́fà tó wà ní àgọ́ ọlọ́pàá ìlú náà.

Ìwé wà, ìfọwọ́sí wà, ìgbọ́ra-ẹni-yé ni kò sí. Ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe kò ṣòro. Bí ẹ bá ṣe àdéhùn nípasẹ̀ ògbufọ̀, ẹ má bi ẹnì kejì bóyá ó yé e. Yóò ní ó yé òun. Ẹ ní kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ẹ jọ gbà, kí ògbufọ̀ mìíràn tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tú u padà fún yín. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àpẹẹrẹ dán an wò: bí ṣọ́jà mẹ́wàá bá fẹsẹ̀ rìn kọjá lójú ọjà lọ́la, ṣé ó bá àdéhùn mu? Bí wọ́n bá gbé ọkọ̀ ńkọ́? Bí wọ́n bá ń lépa ọ̀daràn ńkọ́? Ká ní ẹnikẹ́ni béèrè ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn ní Majar al-Kabir, ìyàtọ̀ náà ì bá ti hàn síta.

Nípa títú ilé fúnra rẹ̀: bí wọ́n bá fọ́ ilẹ̀kùn lóru, tí wọ́n da bàbá ilé dojú bolẹ̀ níwájú ìyàwó àti ọmọ, tí ṣọ́jà tún fi bàtà tẹ̀ ẹ́ lórí kó má bàa mira, wọ́n ti sọ onílé di ọ̀tá ná, ìbáà jẹ́ pé wọn kò rí nǹkan kan. Àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà ni ohun ẹ̀gbin jùlọ tí èèyàn lè dojú rẹ̀ kọ ẹlòmíràn láàrin wọn. Àwọn tó ṣe é dáadáa ń ṣe é báyìí. Wọ́n á yí ilé ká kí ẹnikẹ́ni má lè sá, wọ́n á wá kan ilẹ̀kùn. Wọ́n á ké sí bàbá ilé jáde, wọ́n á kí i, wọ́n á sọ ohun tí wọ́n wá ṣe. Wọ́n á fún un ní ìṣẹ́jú díẹ̀ kó kó àwọn obìnrin àti ọmọdé sí yàrá kan tí wọ́n ti kọ́kọ́ wò, ṣọ́jà obìnrin á sì dúró tì wọ́n. Bàbá ilé fúnra rẹ̀ ni yóò máa ṣí kọ́bọ́ọ̀dù àti àpótí lójú wọn. Ìyẹn ni kò ní jẹ́ kó sọ lọ́la pé wọ́n jí òun lówó. Bí wọ́n bá fẹ́ yẹ ara rẹ̀ wò, wọ́n á mú un lọ síbi tí ọmọ rẹ̀ kò ti ní rí i. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, wọ́n á kọ ohun tí wọ́n mú àti ohun tí wọ́n bàjẹ́ sórí ìwé ní Lárúbáwá, ẹ̀dà kan á wà lọ́wọ́ onílé. Ọ̀rọ̀ ṣọ́jà obìnrin yìí ló bí ẹgbẹ́ tí wọ́n pè ní Team Lioness ní ìlú Ramadi, tí wọ́n fi obìnrin kún àwọn tó ń jáde láti máa yẹ obìnrin wò.

Wọ́n tún ń ṣi ohun tí wọ́n bá nínú ilé kà. Òfin tí ìjọba agbàlú náà fúnra rẹ̀ ṣe ní 2003 gba ìdílé láyè láti ní ìbọn AK kan nílé. Síbẹ̀ àwọn ṣọ́jà kan tí kò mọ̀ ń mú ẹni tó ni ìbọn kan ṣoṣo. Báńkì kò sì ṣiṣẹ́, nítorí náà owó tí ìdílé fi ọdún púpọ̀ kó jọ wà nílé ní dọ́là, wúrà ìyàwó wà pẹ̀lú rẹ̀. Ṣọ́jà rí ìdì dọ́là, ó ní owó àwọn ọlọ̀tẹ̀ ni, ó kó o. Ẹni tí wọ́n kó owó ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ lọ kò ní ṣòro fún àwọn ọlọ̀tẹ̀ láti fà mọ́ra.

Orúkọ tún jẹ́ ọ̀nà mìíràn tí aláìṣẹ̀ fi ń wẹ̀wọ̀n. Orúkọ ará Ìráàkì máa ń jẹ́ orúkọ tirẹ̀, ti bàbá rẹ̀, ti bàbá bàbá rẹ̀, kí orúkọ ẹ̀yà tàbí ìlú tó tẹ̀ lé e. Láàrin àwọn tó mọ̀ ọ́n, orúkọ àkọ́bí rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é, bí àwa náà ṣe ń ṣe: Abu Ali, bàbá Ali. Ẹni kan lè tipa bẹ́ẹ̀ fara hàn lórí ìwé mẹ́ta bí ẹni mẹ́ta, ogún èèyàn sì lè jẹ́ Ahmad Muhammad ní àdúgbò kan. Bí ṣọ́jà bá tún fi lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, ọ̀kan á kọ Qasim, èkejì Kasim, ẹ̀kẹta Gasim. Ìdílé á wá ọmọ wọn dé ọgbà ẹ̀wọ̀n, wọ́n á ní kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìjábọ̀ àjọ Red Cross àgbáyé ní oṣù kejì 2004 sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ ọtẹlẹ̀múyẹ́ ológun kan fẹnu ara wọn sọ pé láàrin ìdá 70 sí 90 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n mú ni wọ́n ṣèèṣì mú. Ẹ kọ orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní lẹ́tà Lárúbáwá, kí ẹni tó ni orúkọ tàbí ará ilé rẹ̀ kọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ fi orúkọ ìyá, ọdún ìbí àti àdúgbò kún un. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni èyí gbà.

Mo wá kan àwọn ògbufọ̀ wàyí, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ dúró sí díẹ̀.

Àwọn tó gbọ́ èdè kò tó rárá. Ní oṣù kejìlá 2006, lẹ́yìn ohun tó lé ní ọdún mẹ́ta àti àbọ̀, ìjábọ̀ Iraq Study Group, ìgbìmọ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà láti yẹ ọ̀rọ̀ Ìráàkì wò, sọ pé nínú 1,000 òṣìṣẹ́ tó wà ní ilé iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà ní Baghdad, 33 ló ń sọ Lárúbáwá, mẹ́fà péré ni èdè náà sì yọ̀ mọ́ lẹ́nu dáadáa. Ilé ẹ̀kọ́ èdè ológun wọn ní Monterey ń fi ohun tó lé ní ọdún kan kọ́ni ní Lárúbáwá, ṣùgbọ́n Lárúbáwá inú ìwé àti ti rédíò ni. Ẹni tó jáde níbẹ̀ dé ọjà Baghdad dà bí ẹni tó fi ìwé kíkà kọ́ Yorùbá tó wá bọ́ sí àárín àwọn ẹlẹ́ja Ìlàjẹ. Àwọn kan tún gba ọmọ Íjíbítì àti Mòrókò láti ṣe ògbufọ̀, bí ẹni pé Lárúbáwá kan náà ni gbogbo wọn ń sọ nílé. Nígbà tí wọ́n dé àríwá, wọ́n bá àwọn tó ń sọ Kọ́díìṣì àti Tọkímẹ́ẹ̀nì, tí kì í ṣe Lárúbáwá rárá.

Wọ́n gbìyànjú ẹ̀rọ. Èyí tí wọ́n pè ní Phraselator máa ń sọ gbólóhùn tí wọ́n ti gbà sínú rẹ̀: ṣọ́jà á yan gbólóhùn, ẹ̀rọ á sọ ọ́ ní Lárúbáwá. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kò gbọ́ èsì. Ará ìlú á dáhùn, á ṣàlàyé, á bẹ̀bẹ̀, ṣọ́jà á tún tẹ bọ́tìnnì. Ó wúlò fún àṣẹ kúkúrú bíi kí èèyàn jáde nínú ọkọ̀. Kò wúlò fún ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ.

Ọ̀dọ́ ìlú ló wá ru ẹrù náà. Ọ̀nà mẹ́ta ni Amẹ́ríkà pín ògbufọ̀ sí: ará Ìráàkì tí wọ́n gbà níbẹ̀ láìní ìwé àṣẹ àtimọ àṣírí ìjọba ni ìpele kìíní, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó ní ìwé àṣẹ náà ni ìpele kejì, èyí tó ní irú rẹ̀ tó ga jù ni ìpele kẹta. Ìpele kìíní ló ń tẹ̀ lé ṣọ́jà rìn nínú ekuru lójoojúmọ́, òun náà ló sì ń padà sùn ládùúgbò tí àwọn tó fẹ́ pa á ń gbé. Wọ́n ń bo ojú kí aládùúgbò má mọ̀ wọ́n. Nígbà tí àwọn ológun ní 2008 ní kí ògbufọ̀ Baghdad má bojú mọ́, ẹ̀mí wọn ni wọ́n ń fi ṣeré, ó sì dùn mí pé ẹnikẹ́ni lè fọwọ́ sí irú àṣẹ bẹ́ẹ̀.

Báwo ni kí ṣọ́jà ṣe lo ògbufọ̀ kí ọ̀rọ̀ má baà wọ́? Kó kọ́kọ́ jókòó pẹ̀lú rẹ̀ fún ìdajì wákàtí ṣáájú ìpàdé, kó sọ ohun tó ń wá, kó béèrè bóyá ọ̀rọ̀ kan wà tí yóò bí àwọn èèyàn nínú. Ní ìpàdé, ojú onílé ni kó wò, kì í ṣe ojú ògbufọ̀, kó sì bá onílé sọ̀rọ̀ tààrà. Kó má ṣe sọ pé "bi í léèrè pé". Kí ògbufọ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn díẹ̀. Gbólóhùn kan tàbí méjì, kó dúró. Kó má sọ̀rọ̀ àpárá, kó má lo ìgékúrú ọ̀rọ̀ ológun. Bí onílé bá sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, tí ògbufọ̀ wá ní "ó ní bẹ́ẹ̀ kọ́", kó ní kó tún un sọ ní kíkún. Ọpọlọ ògbufọ̀ máa ń rẹ̀ lẹ́yìn bí ogójì ìṣẹ́jú, àṣìṣe á sì bẹ̀rẹ̀. Ìsinmi ni kó fún un. Kó mọ ẹ̀yà àti ẹ̀sìn ògbufọ̀ náà, torí Mùsùlùmí ìjọ Ṣíà tí wọ́n gbé lọ sí àdúgbò àwọn Mùsùlùmí ìjọ Súnì ní 2006, nígbà tí ìjọ méjèèjì ń bára wọn jà, lè máa bẹ̀rù ju bó ṣe ń gbọ́ lọ, àwọn onílé náà sì lè pa ẹnu mọ́ nítorí rẹ̀. Kó má fi ògbufọ̀ ọkùnrin bá obìnrin ilé sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ará ilé rẹ̀ wà níbẹ̀. Pàtàkì jù, kó má sọ ògbufọ̀ di ẹni tó ń lu èèyàn tàbí tó ń tú ilé.

Nípa ẹ̀san fún ògbufọ̀, Denmark kó bíi 200 ará Ìráàkì tó bá a ṣiṣẹ́ àti ẹbí wọn jáde ní oṣù keje 2007, kí ọmọ ogun rẹ̀ tó kúrò ní Basra ní gúúsù Ìráàkì. Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú físà 50 péré lọ́dún ní 2006, kó tó sọ ọ́ di 5,000 nínú òfin 2008. Ẹni tó bá fẹ́ gba ìlú kí ó ti ní irú ètò yìí lọ́wọ́ kí ó tó gba ògbufọ̀ àkọ́kọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó òkú, níbi tí àṣà méjì ti kọlu ara wọn gan-an.

Bí ṣọ́jà Amẹ́ríkà bá ṣèèṣì pa ará ìlú, ètò wà láti fún ẹbí ní owó ìbánikẹ́dùn, tí kò ju 2,500 dọ́là lọ fún òkú kan ní àwọn ọdún àkọ́kọ́. Ètò náà sọ ọ́ ní gbangba pé owó náà kì í ṣe ìjẹ́wọ́ ẹ̀bi. Ní ti àwọn ẹ̀yà Ìráàkì, ìjẹ́wọ́ ni ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀. Ẹni tó pa èèyàn yóò kọ́kọ́ rán àwọn ẹni iyì láti tọrọ àkókò ìdádúró, tí wọ́n ń pè ní atwa, kí ẹ̀jẹ̀ má baà fa ẹ̀jẹ̀. Láàrin àkókò náà ni ìpàdé yóò wà, wọn yóò jẹ́wọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, wọn yóò dúnàádúrà owó tí wọ́n ń pè ní fasl, olórí ẹ̀yà méjèèjì yóò sì jẹ́rìí. Lẹ́yìn fasl, ọ̀rọ̀ ti parí. Owó tí wọ́n ká lé ẹbí lọ́wọ́ láìsí atwa, láìsí ìjẹ́wọ́, láìsí olórí ẹ̀yà, kò parí nǹkan kan. Lójú wọn, ńṣe ni apànìyàn dá iye lé ọmọ wọn tó sì yí ẹ̀yìn padà. Àwọn kan gba owó náà nítorí ebi, gbèsè ẹ̀jẹ̀ ṣì wà nílẹ̀.

Àwọn ọ̀gágun tó mọ èyí ń tọ olórí ẹ̀yà lọ láàrin ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ kó ṣáájú. Ọ̀gá tó ga jù ládùúgbò náà ló ń lọ fúnra rẹ̀, kì í rán kékeré. Bí wọ́n bá gbé kọfí kíkorò wá, àṣà ni pé kí ẹni tó wá bẹ̀bẹ̀ gbé ife náà sílẹ̀ láìmu títí onílé yóò fi sọ pé òun ti gba ẹ̀bẹ̀. Ọ̀gá tó bá tètè gbé e mì, tó rò pé ìwà rere ni, ti tú ìpàdé ká láìmọ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá gbà, kí ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní gbólóhùn kúkúrú, kí ó dárúkọ olóògbé náà pẹ̀lú ti bàbá àti bàbá bàbá rẹ̀. Owó yóò gba ọwọ́ olórí ẹ̀yà kọjá sọ́dọ̀ ẹbí. Ìwé tí wọn yóò fọwọ́ sí, kí wọ́n kà á sókè ní Lárúbáwá kí ẹnikẹ́ni tó mú bírò, kí ẹ̀dà rẹ̀ sì kù lọ́wọ́ ẹbí náà.